Agbẹ́lẹ̀ àbí Agungi: aláǹtakùn onírun wo ni kí àbúrò mi rà?

Aago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé kan ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Inú pálọ̀ ló wà, èmi wà ní yàrá, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàrin, àmọ́ kò fẹ́ kí Màmá gbọ́. Aláǹtakùn ńlá kan ló wà nínú àwòrán àkọ́kọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, irun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Èkejì funfun bí ẹfun, àmì dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi èédú tọ́ ọ. Ohun tó kọ sábẹ́ wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Àǹtí mi, èwo ni kí n mú?"

Kò béèrè bóyá kí òun mú un o. Ó ti kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan níbí ní Ilo-Awela, ó sì ti tọ́jú ₦60,000 pamọ́. Ọ̀gá kan tó ń ta ẹranko lórí fóònù ti sọ fún un pé àwọn méjèèjì wà lọ́wọ́ òun, pé ₦35,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé wọn kì í gé èèyàn jẹ. (Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, a ń padà bọ̀ wá bá a.)

Ẹ̀fọn ni ìwádìí tèmi dá lé, kì í ṣe aláǹtakùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbọ́ pé o ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ju mẹ́rin lọ ni wọ́n máa gbé wá bá ọ nílé. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n lọ kàwé.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé inú fíìmù òyìnbó nìkan ni aláǹtakùn onírun, èyí tí wọ́n ń pè ní tarantula, ń gbé. Irọ́ ni. Áfíríkà ní tirẹ̀ rẹpẹtẹ. Pupa inú àwòrán yẹn, orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún un ni Hysterocrates gigas. Reginald Pocock, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-pamọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1897, Kamẹrúùnù ló sì ti wá. Ó ní ìbátan kan tí Pocock yìí kan náà ṣàpèjúwe láti Nàìjíríà tiwa níbí, ìyẹn Hysterocrates hercules. Èyí funfun ni Heteroscodra maculata, ọmọ Tógò àti Gánà. Gánà tí wọ́n ti ń pàlọ́ Ananse, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, nìyẹn o. Àwa Yorùbá gbé ipò yẹn fún Ìjàpá, bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wo aláǹtakùn lẹ́ẹ̀mejì ká tó na bàtà sí i.

Kí orúkọ Látìn má bàa lọ́ wa láhọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa pe pupa ní Agbẹ́lẹ̀, kí n máa pe funfun ní Agungi. Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe nìyẹn.

Agbẹ́lẹ̀ kì í gbé òkè. Ihò ló máa ń gbẹ́ sínú ilẹ̀ tó tutù, ibẹ̀ ni yóò wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá di alẹ́ yóò wá jókòó sí ẹnu ihò máa retí oúnjẹ. Ó tóbi gan-an: tó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè bo àwo ìjẹun ọmọdé. Àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ju ti iwájú lọ. Ohun tó wù mí jù nípa rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í tú ká bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ẹyin. Wọ́n máa ń bá ìyá wọn gbé nínú ihò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á jọ máa jẹun. Láàárín àwọn aláǹtakùn, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rí ọmọ ìyá wọn kí wọ́n má fi ṣe oúnjẹ, ohun tó ṣọ̀wọ́n nìyẹn.

Agungi ní tirẹ̀, ara igi ló ń gbé. Ó kéré sí Agbẹ́lẹ̀. Àwọ̀ funfun àti dúdú yẹn kì í ṣe fún ẹwà, ó ń jẹ́ kó jọ èèpo igi tí ewédò gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ni, tó fi jẹ́ pé o lè gbé ọwọ́ lé e kó o tó rí i. Iyára rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Mo wo fídíò kan níbi tí ẹni tó ń sìn ín ti ṣí ìdérí àpótí láti bu omi fún un. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ó wà nísàlẹ̀ lára èèpo igi. Kí ìṣẹ́jú àáyá kejì tó pé, ó ti wà ní ìgúnpá ọkùnrin náà. Mo dá fídíò náà padà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tó gbà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pé "kì í gé èèyàn jẹ".

Gbogbo ẹni tó bá ti bọ́ sínú oko mọ wèrèpè. Tí irun ara rẹ̀ bá kàn ọ́, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ aṣọ sọnù. Ọ̀pọ̀ aláǹtakùn onírun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní irú irun bẹ́ẹ̀ níkùn. Tí o bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́n ọn sí afẹ́fẹ́, ojú àti imú rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ. Ìjà ni, ṣùgbọ́n ìjà tó ṣì kù díẹ̀ kó dé eyín ni. Àwọn ti Áfíríkà àti Éṣíà kò ní irun wèrèpè yìí rárá. Wọn ò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n sá, tàbí kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè láti dẹ́rù bà ọ́, tàbí kí wọ́n gé ọ jẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé aláǹtakùn onírun ti Áfíríkà kì í gé èèyàn jẹ, àbí kò mọ ohun tó ń tà, àbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ sin ti Amẹ́ríkà, bíi Brachypelma ti Mexico tí orúnkún rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n Brachypelma wà lábẹ́ àdéhùn CITES, àdéhùn lórí káràkátà ẹranko àti ewéko igbó tí Nàìjíríà ti bá wọn tọwọ́ bọ̀ láti 1974. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi bébà wé kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀gá wa kò ní irú rẹ̀ lọ́jà. Méjì péré ló ní, ọmọ Áfíríkà sì ni àwọn méjèèjì.

Kò sí àkọsílẹ̀ kan tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oró aláǹtakùn onírun ti pa èèyàn rí. Mo sọ èyí fún àbúrò mi kíákíá kí n má bàa dà bí ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n kí nǹkan má pani kò ní kó má dunni. Oró Agungi lókìkí láàárín àwọn tó ń sìn wọ́n: ìrora líle, ibi tó gé jẹ á wú, iṣan á máa fà. Kò sí oògùn apa-oró kan pàtó fún un. Oògùn ìrora ni wọ́n máa fún ọ, wàá sì máa ka wákàtí.

Oró yìí kan náà ló gbé Agungi dé inú ìwé ìròyìn Nature ní 2016. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí David Julius tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 wà lára wọn, kó oró ọ̀pọ̀ aláǹtakùn, àkeekèé àti ọ̀kùn jọ, wọ́n ń wá èyí tó máa ta àwọn nẹ́fù tó ń gbé ìrora jí. Oró Agungi ló jẹ́ fún wọn. Wọ́n yọ èròjà méjì nínú rẹ̀, Hm1a àti Hm1b. Ohun tí àwọn èròjà yìí ń ṣe rèé: lára nẹ́fù, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, nẹ́fù á fi ìròyìn ránṣẹ́; bó bá tì, á dákẹ́. Èròjà Agungi máa ń há ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ Nav1.1, kì í jẹ́ kó tì bó ṣe yẹ, ni nẹ́fù á bá ń pariwo. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wárápá ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ Nav1.1 sí. Aláǹtakùn ará Tógò ló fi hàn wọ́n pé ó tún wà nídìí ìrora tí èèyàn ń mọ̀ tí wọ́n bá já a lééékánná tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wárápá yẹn náà kò parí síbẹ̀. Irú wárápá kan wà tó ń bá àwọn ọmọ ọwọ́ jà, Dravet ni wọ́n ń pè é. Nínú púpọ̀ àwọn ọmọ yìí, Nav1.1 kò ṣiṣẹ́ tó. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Australia fún àwọn eku tó ní àrùn yìí ní Hm1a díẹ̀ sínú ọpọlọ. Gìrì wọn dínkù, èyí tó yè nínú wọn sì pọ̀ sí i. Eku ni o, kì í ṣe ọmọ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: ohun tó ń mú kí àgbà ké ló ń dá gìrì dúró lára eku.

Agbẹ́lẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Láti 1998 ni wọ́n ti yọ SNX-482 nínú oró rẹ̀, èyí tó ń dí irú ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù kan lára nẹ́fù. Ó ti di irinṣẹ́ nínú ilé àyẹ̀wò àwọn tó ń wádìí ọpọlọ. Oró tirẹ̀ náà ń dunni o, eyín rẹ̀ sì gùn. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kó gé òun jẹ.

Tó bá jẹ́ orí bébà nìkan ni, mo lè sọ pé Agungi lẹ́wà jù, Agbẹ́lẹ̀ rọrùn jù, ká máa lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí bébà là ń gbé. Ilé olójúkojú là ń gbé: yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin. Tírélà àwọn ilé iṣẹ́ ń kọjá níwájú ilé tọ̀sán tòru, gbogbo ògiri ló sì ti sán. Àjà kan náà ló bo yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sì sí yàrá tí páálí àjà rẹ̀ kò ní ihò. Bí Agbẹ́lẹ̀ bá jáde nínú àpótí, ilẹ̀ ló máa wá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yìn àpò ìrẹsì la ti máa rí i. Bí Agungi bá jáde, òkè ló ń lọ. Tó bá ti dé àjà, ó ti di ti gbogbo ilé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà nínú yàrá kejì sí tiwa, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀kùn ẹni kan. Àárọ̀ ni yóò ti wọlé wá kí wa, gbogbo ohun tó bá sì rí ló ń fọwọ́ kàn. Ọmọ yẹn ni mo rò nígbà tí mo ń ka ìwádìí 2016 yẹn.

Nítorí náà, mo dá a lóhùn: Agungi kò gbọ́dọ̀ wọ ilé yìí. Tó bá máa mú ọ̀kan, Agbẹ́lẹ̀ ni.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Àǹtí mi, kí ni mo fẹ́ fi erùpẹ̀ ₦35,000 ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ra Agbẹ́lẹ̀, àpótí erùpẹ̀ ló rà. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má fojú kàn án. Erùpẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jìn, ó kéré tán kó tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kó sì máa tutù nígbà gbogbo láìdi ẹrẹ̀. Nígbà òjò, Ọ̀ta kò ní fìyẹn ni wá lára. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí ètè èèyàn ń là?

Ohun méjì mìíràn wà tó máa ń pa wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀yin tó ti rí típà tó ń da yanrìn ní Ilo-Awela, ẹ mọ̀ pé agbára epo tí wọ́n ń tì wọlé ló ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣan tó fi ń ká ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé tó ṣe pàtàkì, kò ní èyí tó fi ń nà án. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tì wọ ibẹ̀. Tó bá já bọ́ láti àyà rẹ, tí ikùn rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn á tú, ó parí nìyẹn. Ẹ má gbé e lé ọwọ́ nítorí àwòrán Instagram. Èkejì ni pé ó máa ń bọ́ awọ bíi ti ejò, ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń fi lélẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á wà lókè. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú, á gbá a dànù láàyè.

Mo wá sọ fún un pé kó dán an wò láìsí aláǹtakùn. Kó ra àpótí, kó da erùpẹ̀ sí i, kó jẹ́ kó tutù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì máa sin ìrẹ̀ tí yóò máa fi bọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ìrẹ̀ bá lè gbé níbẹ̀, ká jọ sọ̀rọ̀ owó. Ó gbà. Àwọn ọmọ àdúgbò bá a mú ìrẹ̀ nínú pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan, ogún ó lé díẹ̀. Màmá rí i nígbà yẹn, ó ní ṣé yíyan la fẹ́ yan wọ́n ni.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa, èkejì náà lọ. Ìrẹ̀ ń ké lálẹ́ bí ẹni pé a wà lábúlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan lára àwọn tá a jọ ń gbélé fọ́n oògùn apakòkòrò sí yàrá tirẹ̀ nítorí aáyán. Kò ṣe ohun burúkú kankan, yàrá rẹ̀ ni. Irú oògùn dichlorvos tí gbogbo wa mọ̀ ni, èyí tí NAFDAC fòfin de ìgò 100ml rẹ̀ ní 2019. Òórùn rẹ̀ gba orí àjà wọlé sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, kò gbọ́ ohùn ìrẹ̀ kankan. Gbogbo wọn ti dojú sókè.

Kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ pé mo ti rà á ńkọ́?" Mo ní òun náà ì bá ti kú. Oògùn tó ń pa aáyán kì í béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ mẹ́fà ni tàbí mẹ́jọ.

Bẹ́ẹ̀, bí a bá tún yanjú ti oògùn, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ fún un títí di ìgbà yẹn. Mo ti pe ọ̀gá tó ń tà á. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti bí àwọn ẹranko yìí, ṣé wọ́n sìn wọ́n ni àbí wọ́n mú wọn nínú igbó. Ó dáhùn wẹ́rẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ojúlówó igbó ni wọ́n, ọ̀nà Ìdíìrókò ni wọ́n gbà wọlé." Ohun ìpolówó ló rò pé òun ń sọ! Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 ka irú aláǹtakùn, àkeekèé àti àwọn ìbátan wọn 1,264 tí wọ́n ń tà kárí ayé, ó sì rí i pé inú igbó ni wọ́n ti mú 67% àwọn ẹranko náà tààrà. Aláǹtakùn onírun kì í ṣe ẹ̀fọn tèmi tó ń di àgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ń pẹ́ lọ́dún kó tó dàgbà. Abo lè gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ, àmọ́ akọ kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn tó bá ti bàlágà. Tí o bá gbẹ́ abo kan jáde nínú ihò rẹ̀, o ti kó gbogbo ọmọ tí ì bá bí lọ́dún mìíràn.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n bi ọ̀gá náà bóyá ó lè rí èyí tí wọ́n bí sínú àpótí, ọmọ kékeré, kódà kó kéré bí èékánná. Ọ̀gá ní òun á wò ó. A ṣì ń retí rẹ̀.

Àpótí erùpẹ̀ ti kúrò nílé. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí wa kan ní ìhà Toll Gate, níbi tí kò sẹ́ni tó ń fọ́n oògùn, ìrẹ̀ méjìlá tuntun sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á yà síbẹ̀ fọ́n omi sí erùpẹ̀, á ti ìka bọ̀ ọ́ wò, á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán erùpẹ̀ ló kún fóònù mi báyìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀gá náà fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé wọ́n ti ra Agungi. Àbúrò mi bi í pé ta ló rà á. Ó ní ọmọkùnrin kan ní Sango ni, ilé olójúkojú ló ń gbé, ọmọ dáadáa ni, òun sì ti sọ fún un pé kì í gé èèyàn jẹ.